AGBỌ́N KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ ÀGBÀDO

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ìlú sọ ní Post Office, Ìlọrin

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ti Àfọ̀n wá, mo kí ẹ̀yin ará Òkè-Oyì, ẹ̀yin ará Malété àti Bódè-Sáadù, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ sọ àpò àgbàdo kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ yìí tí ẹ kò tí ì rí owó rẹ̀ gbà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ ìbò ni mo tún gbé dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni, àti ọ̀rọ̀ agbọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, nítorí pé bí mo bá dé ibi tí owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò rò pé ẹ̀rín yóò tún wá.

Ní ìlú wa yìí, àgbàdo kì í ṣe ohun kékeré. Òun ni a fi ń ṣe ògì tí aláìsàn ń mu. Òun ni ẹ̀kọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ kí ó tó jáde nílé ní òwúrọ̀ yìí. Òun ni ègbo, òun ni àádùn, òun ni kókóró tí àwọn ọmọ wa ń rà lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Òun náà ni olórí ohun tí àwọn olósìn adìẹ ń pò fún adìẹ. Nítorí náà, bí àgbàdo bá wọ́n, ẹyin yóò wọ́n, adìẹ yóò wọ́n, ìyàwó tí ń se oúnjẹ yóò sì máa bá ọkọ jà nítorí owó ọbẹ̀, láìmọ̀ pé inú oko ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀ kò tí ì gba òmìnira tán, bí ó tilẹ̀ ní àsíá tí ó sì ní orin.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni àlejò kan wọ oko àgbàdo ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Láàárín ọdún kan náà, a ti rí i ní ilẹ̀ Benin àti ní Togo. Nígbà tí ó fi máa di 2018, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ti wọ̀ ti lé ní 40, ó sì ti rékọjá òkun dé Íńdíà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Fall armyworm ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, jagunjagun ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé bí ogun ni ó ṣe ń ja oko.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá a pàdé mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wo iwájú orí rẹ̀, ẹ ó rí àmì kan tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ dé. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìrù, ẹ ó rí àmì dúdú mẹ́rin tí ó tò ní igun mẹ́rin. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Òru ni í máa ń fò, atẹ́gùn a sì máa bá a gbé e. Ní òru kan ṣoṣo ó lè rìn tó 100 kìlómítà, bí ẹni tí ó gbéra ní Post Office yìí ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ sì mọ́ bá a ní Jẹ́bà. Àfòpiná kan lè yé ẹyin tí ó lé ní 1,000 kí ó tó kú, ní òkìtì òkìtì, 100 tàbí 200 lẹ́ẹ̀kan, a sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí ẹni da òwú bò wọ́n. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹyin náà yóò pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa ha ara ewé jẹ, lẹ́yìn náà wọn a wọ inú ọkàn àgbàdo lọ, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, wọn a jókòó síbẹ̀, wọn a sì fi ìgbẹ́ wọn tí ó rí bí èérún pákó dí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tí ó ń jókòó sí yìí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni owó yín ti ń ṣègbé.

Nígbà tí àlejò yìí dé, ohun tí a kọ́kọ́ sáré mú ni ike oògùn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kì í béèrè irú omi tí ó wà nínú korobá. Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún, ó yẹ kí a lè jókòó kí a ṣírò. Àgbẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn ní agogo méjìlá ọ̀sán, ó ń fọ́n oògùn sórí ewé. Jagunjagun wà nísàlẹ̀ nínú ọkàn àgbàdo, ó ti fi ìgbẹ́ ṣe òrùlé, oògùn kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ni oògùn náà bá lórí ewé? Ó bá aláǹtakùn, ó bá èèrà, ó bá agbọ́n, èyí ni pé ó bá gbogbo àwọn tí ìbá bá àgbẹ̀ pa jagunjagun lọ́fẹ̀ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àfòpiná mìíràn dé láti Jẹ́bà, ó yé ẹyin tirẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kankan mọ́ nínú oko. Àgbẹ̀ tún padà lọ ra ike kejì. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná.

Ibo sì ni owó ike kejì yẹn ń lọ? Díẹ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tí ó tà á ní ọjà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ń wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí òkè òkun. Àwọn tí ń fi oògùn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wa kì í sì í fi ojú kan náà wo àgbẹ̀ tiwọn àti tiwa. Ẹ wo paraquat. Oògùn koríko ni, kì í ṣe ti kòkòrò, ṣùgbọ́n gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Láti 2007 ni àwọn ilẹ̀ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti lé e kúrò ní oko wọn nítorí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin NAFDAC tí ó dá a dúró tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún 16 gbáko, ohun tí wọn kò jẹ́ kí ó kan àgbẹ̀ wọn ni a ń tà fún yín ní gbangba ọjà, pẹ̀lú ìwé àlàyé tí a fi èdè tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò kà kọ sí ara ike. Bí èyí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, n kò mọ ohun tí à ń pè ní òṣèlú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wá sórí agbọ́n.

Bí a bá dárúkọ agbọ́n, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ọmọ tí kò tí ì fi òkò sọ ilé agbọ́n rí kò pọ̀ nínú wa. Ní oko, bí a bá rí ilé agbọ́n lábẹ́ ahéré, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti wá koríko gbígbẹ kí a fi iná sí i. Àwọn agbọ́n tí à ń jó wọ̀nyí ni ọdẹ oko. Àwọn tí ń kọ́ ilé tí ó dà bí páálí sí abẹ́ òrùlé kì í fi òdòdó bọ́ ọmọ wọn. Ẹran ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Wọn a máa fò láti ewé dé ewé, bí wọ́n bá rí kòkòrò tí ń jẹ ewé, wọn a gé e, wọn a fi ẹnu rún un, wọn a sì gbé e lọ sílé fún àwọn ọmọ. Òmíràn wà tí ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kékeré sára ògiri. Òun a ta kòkòrò náà lóró tí kò fi ní lè mira mọ́, kò sì ní pa á. A tì í sínú ìkòkò náà láàyè, a yé ẹyin tì í, a sì fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ọmọ lè bá ẹran tútù nígbà tí ó bá pa. Èmi a máa ro ó pé ìyá tí kò ní fíríìjì ni ó dá ọgbọ́n yìí.

Ní 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì São Paulo ní ilẹ̀ Brazil àti láti University College London gbé ìwádìí kan jáde lórí irú agbọ́n onílé-páálí bẹ́ẹ̀. Jagunjagun yìí kan náà ni wọ́n kó sórí àgbàdo, wọ́n sì kó kòkòrò mìíràn tí ń lu igi ìrèké sórí ìrèké. Wọ́n wá jẹ́ kí agbọ́n lè dé ibẹ̀. Níbi tí agbọ́n dé, kòkòrò dín kù, ìbàjẹ́ ara igi náà sì dín kù. Brazil, tí ó jẹ́ ilé àti ọ̀nà jagunjagun, ni wọ́n ti ṣe èyí o.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Agbọ́n ńlá lè mú kòkòrò tí ó wà lórí ewé. Èyí tí ó ti wọ inú ọkàn àgbàdo ṣòro fún un. Agbọ́n mìíràn wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò tó mìlímítà kan ní gígùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i rí, ẹ sì rò pé eruku ni. Kì í ta ènìyàn, kì í kọ́ ilé, kò sì ní ìkankan ṣe pẹ̀lú wa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀: láti wá ẹyin àfòpiná rí. Nínú irú wọn, èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Telenomus remus. Abo rẹ̀ a máa wọ àárín irun tí àfòpiná fi bo ẹyin rẹ̀, a gun orí ẹyin kan, a ti ìdí rẹ̀ bọ inú rẹ̀, a sì fi ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin náà. A kúrò níbẹ̀, a gun orí èkejì. Abo kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹyin tí ó lé ní 100. Ọmọ agbọ́n ni yóò jẹ inú ẹyin yẹn tán, tí yóò dàgbà níbẹ̀, tí yóò sì jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Níbi tí jagunjagun ìbá ti jáde, agbọ́n ni yóò jáde, tí yóò tún wá ẹyin mìíràn lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú èyí àti oògùn. Oògùn ń lé kòkòrò tí ó ti jẹ yín lówó. Agbọ́n bíńtín yìí ń pa á kí ó tó ní ẹnu tí yóò fi jẹun.

A kò sì ní láti fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Ní 2019 ni àwọn olùwádìí kéde pé wọ́n ti rí i nínú oko ní ilẹ̀ Benin, ní Côte d'Ivoire, ní Niger, ní Kẹ́ńyà àti ní Gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọba kan níbẹ̀ tí ó tú u sílẹ̀ láti bá jagunjagun jà. Oko Baruten tiwa ní ìpínlẹ̀ yìí àti oko ilẹ̀ Benin jọ pààlà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fa ìlà sáàárín wọn, agbọ́n kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, pé ìtàn dídùn ni, pé ibo ni agbọ́n ti gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ebi rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì jìnnà sí ìhín. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọmọ 50 ọdún lè rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́.

Ní nǹkan bí 1973 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Congo, kòkòrò tí ó rí bí ẹni fi ìyẹ̀fun wọ́n orí ewé. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Kò ní akọ. Abo nìkan ni gbogbo wọn, abo kọ̀ọ̀kan a sì máa bí abo mìíràn láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ó tàn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú 1980. Níbi tí ó bá ti ṣùjọ, orí ẹ̀gẹ́ a ká jọ, ewé a já, gbòǹgbò kò ní tóbi, igi tí a fẹ́ gé gbìn ní ọdún tí ń bọ̀ kò sì ní dára. Ní àwọn ibòmíràn, iṣu ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ ń wà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí ó yẹ kó wà. Gààrí ni à ń wí yìí o, tí í ṣe oúnjẹ ìkẹyìn tí tálákà lè sá tọ̀.

Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà rù. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hans Rudolf Herren ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn ni èyí tí ó yẹ kí àwa náà máa bi ara wa: ní ìlú tí kòkòrò yìí ti wá, kí ló dé tí kì í jẹ ẹ̀gẹ́ tán níbẹ̀? Ó dájú pé ọ̀tá kan wà tí ń bá a jà nílé, tí kò bá a rìnrìn àjò. Wọ́n wá kòkòrò náà kiri Gúúsù Amẹ́ríkà títí wọ́n fi rí i ní Paraguay ní 1981, wọ́n sì bá agbọ́n bíńtín kan tí ń yé ẹyin sí i nínú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ́n náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bóyá kò ní ṣe ohun mìíràn ní jàǹbá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ níbẹ̀, ní òpin ọdún 1981 kan náà wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ nínú oko. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń tú u sílẹ̀ ní ibòmíràn. Ó ta gbòǹgbò ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20, láti ọ̀dọ̀ wa dé ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ padà bọ̀ sípò. Ní 1995 a fi Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé dá Herren lọ́lá. Nígbà tí kòkòrò ẹ̀gẹ́ kan náà sì dé Thailand ní 2008, ẹ̀ka IITA ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti wá gba agbọ́n lọ ní 2009. Àwọn ará Éṣíà ni ó wá gba ẹ̀ṣọ́ oko lọ́wọ́ Áfíríkà ní ọjọ́ yẹn. N kò mọ ìdí tí a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní èyí ní ilé-ìwé.

Èwo nínú yín ni ó san kọ́bọ̀ lórí agbọ́n ẹ̀gẹ́? Èwo nínú yín ni ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó kọjá nínú oko òun?

Èmi kì yóò tan yín o. Àgbàdo kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ a máa wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà agbọ́n rí ibi gbé, ó sì rí oúnjẹ jẹ ní gbogbo ìgbà. Àgbàdo kò lò ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Jagunjagun a máa ti ọ̀nà jíjìn dé lójijì, àwọn agbọ́n díẹ̀ tí ó wà nílé kò sì ní tíì pọ̀ tó nígbà tí ó bá dé. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ ká ọwọ́ gbera kí ẹ máa retí agbọ́n kò fẹ́ràn yín. Ohun tí ọ̀rọ̀ àgbàdo ń fẹ́ ni kí a máa sin agbọ́n bí a ti ń sin adìẹ, kí a sì máa kó o lọ sí oko ní àkókò tí ó tọ́.

Ṣé ó ṣeé ṣe fún irú wa? Ẹ wo orílẹ̀-èdè Niger, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Niger tí ó wà lókè odò wa yìí. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ orí jéró, ó wà ní Burkina Faso àti Mali pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rán àpò kékeré láti ara àpò ìdọ̀họ. Wọ́n bu jéró àti ìyẹ̀fun jéró sínú rẹ̀, wọ́n kó ìdin kòkòrò kan tí ń jẹ ọkà inú àká sí i, wọ́n sì fi agbọ́n abo tí ó ti pàdé akọ sí i pẹ̀lú. Wọ́n so àpò náà kọ́ sí abúlé. Agbọ́n yé ẹyin sára ìdin, ọmọ rẹ̀ jẹ ìdin náà, àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n gba ojú ihò àpò jáde, wọ́n sì fò lọ sí oko jéró. Iṣẹ́ tán. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò yìí ṣòwò níbẹ̀, wọ́n ń ṣe é tà fún abúlé. Niger yìí kan náà ni àwọn olùwádìí ti sin Telenomus tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú oko àwọn àgbẹ̀. Níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa jù, ó ju ìdajì ẹyin jagunjagun lọ tí agbọ́n wọ̀. Niger kò lówó tó Nàìjíríà.

Ní Faransé, ní Jámánì àti ní Switzerland, láti nǹkan bí 1980 ni àwọn àgbẹ̀ alágbàdo ti ń lo ìbátan agbọ́n bíńtín yìí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trichogramma, láti bá kòkòrò tí ń lu igi àgbàdo wọn jà. Inú káàdì kékeré ni agbọ́n náà wà, àgbẹ̀ a so ó kọ́ ara àgbàdo. Báwo sì ni káàdì ṣe ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn? Ẹ yíjú padà, ẹ wo ilé tí ó wà lẹ́yìn yín. Nípasẹ̀ Post Office ni! Wọ́n ń fi agbọ́n ránṣẹ́ bí a ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwa ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ ohun tí à ń fi í ṣe mọ́ ju pé ó jẹ́ ibi tí à ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó já wa sí. Nítorí èyí ni mo ṣe sọ fún àwọn olórí ẹgbẹ́ pé iwájú Post Office ni kí wọ́n jẹ́ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò dá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí títa irúgbìn àgbàdo tuntun tí wọ́n ń pè ní TELA, èyí tí a ṣe kí ó lè pa jagunjagun fúnra rẹ̀. A kò bá irúgbìn náà jà. Ẹni tí ó bá wù, kí ó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní erékùṣù Puerto Rico, jagunjagun ti kọ́ bí a ti ń jẹ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ láìkú ní nǹkan bí 2006. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè gbé gbogbo ọ̀rọ̀ oúnjẹ wa lé irúgbìn kan lórí kí ó sùn dé òwúrọ̀.

Kí wá ni ti àgbẹ̀ láti ìsinsìnyí? Láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa rìn wọ inú oko lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa ṣí ewé wò. Òkìtì ẹyin tí ó bá funfun tí irun sì bò, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tí ó bá dúdú bí èédú, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé agbọ́n ti wà nínú rẹ̀. Ẹyin tí ó kù díẹ̀ kí ó pa náà a máa ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kì í dú tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ojú mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí koríko olódòdó díẹ̀ kù ní etí oko, nítorí pé agbọ́n tí ó ti dàgbà a máa mu omi dídùn inú òdòdó. Ẹ gbin ẹ̀wà mọ́ àgbàdo bí àwọn baba wa ti ń ṣe, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá sọ fún wọn pé ìwà ọ̀lẹ ni. Ẹ má ṣe jó ilé agbọ́n tí kò sí lójú ọ̀nà ọmọdé. Bí ogun náà bá wá le jù, tí igi tí ó ti bàjẹ́ nígbà tí àgbàdo kéré bá tó nǹkan bí 20 nínú 100, tí ẹ kò sì rí ọ̀nà mìíràn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n oògùn, inú ọkàn àgbàdo tí ó ní kòkòrò nìkan ni kí ẹ sì fọ́n ọn sí.

Ti ìjọba ni ó kù. Sísin agbọ́n yìí kì í ṣe iṣẹ́ tí àgbẹ̀ kan lè dá ṣe. Láti rí ẹyin fún un, ó lè di dandan kí a máa sin jagunjagun fúnra rẹ̀, kòkòrò yìí sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí í fi í jẹ ọmọ ìyá rẹ̀ bí a bá kó wọn pọ̀ sójú kan. Ó ń fẹ́ ilé, ó ń fẹ́ iná mànàmáná, ó ń fẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a kọ́ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni Ìlọrin kò ní? Yunifásítì wà níhìn-ín láti 1975. ARMTI wà níhìn-ín. Ibùjókòó ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìtọ́jú irè oko, wà ní ìlú yìí kan náà. Ìbàdàn kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ni owó orí yín ń bọ́, ó sì tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì yẹn, tí ẹgbẹ́ kọ sí Ilé Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Kwara. Ohun tí ó béèrè ni pé kí a kọ́ ilé ìsin-agbọ́n kan sí Ìlọrin kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí a rán ènìyàn méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Kí a sì bá Post Office ṣe àdéhùn pé àpò agbọ́n yóò dé ọ́fíìsì tí ó súnmọ́ àgbẹ̀ jù lọ ní ọjọ́ kejì tí ó bá jáde nílé tí a ti ń sìn ín. Ẹni tí ó mọ̀wé, kí ó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó tẹ̀ka. Kí ó tó di agogo mẹ́rin, a óò ra sítáǹbù, a óò sì jù ú sínú àpótí níwájú gbogbo yín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ojú rí ẹyin dúdú àti ẹyin funfun kí ẹ tó padà sí oko, mo ti mú ewé àgbàdo wá nínú ìgò, ó wà ní apá ọ̀tún tábìlì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ wò ó.